Ẹ ṣọ́ra fún tẹlisíkópù "ìlọ́po 525" tí wọ́n ń tà kiri l'Ékòó

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nítorí tẹlisíkópù, ìyẹn awò tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, tí wọ́n ní ó ń mú kí nǹkan tóbi lójú ní ìlọ́po 525. Mo ti ra tèmi, ojú mi sì ti rí i. N kò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ta irú ẹ̀. Páálí kan náà gan-an ni mo rí lórí status WhatsApp èèyàn mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ fojú ara òun rí Saturn, pílánẹ́ẹ̀tì tó ní òrùka yí ká. Mo wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Erékùṣù Èkó. Páálí ọ̀hún fani mọ́ra: Saturn wà lára rẹ̀ tòun ti òrùka, ojú ọ̀run kún fún àwọ̀ oríṣiríṣi, wọ́n wá kọ 525 gàdàgbà sí i. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní, "Mọ́mì, ìlọ́po 525 nìyẹn o! Ẹ máa rí àmì ẹsẹ̀ àwọn tó rìn lórí òṣùpá." Kò sí awò kankan nílé ayé yìí tó lè fi ìyẹn hàn, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo ní kó ṣí i kí n wò ó. Ó ní tí àwọn bá ti lè ya sẹ́lò ara páálí, ó ti di tèmi nìyẹn. Mo san 85,000 náírà, mo gbé e, ó di Súrùlérè.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, a gbé e sí báńkóònì. Òṣùpá ti tó ìlàjì, wọ́n ti mú iná lọ, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ NEPA. Mo ki awò kékeré tí wọ́n kọ 4 sí lára bọ ibi tí à ń gbójú sí, mo fi ọ̀pá kan tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta kún un, torí 525 yẹn ni mo fẹ́. Òkùnkùn biribiri la rí. Nígbà tí òṣùpá jàjà wọlé, ó ṣe bàìbàì bí ìgbà téèyàn ń wo nǹkan láti inú ọ̀rá, etí rẹ̀ ń tàn bí epo tó dà sójú omi. Mo fọwọ́ kan awò náà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbọ̀n rìrì, torí ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró kò nípọn ju ọ̀pá agboòrùn lọ. Bẹ́ẹ̀ ayé ò dúró dè wá: ní bí ìṣẹ́jú méjì, òṣùpá ti sún tó fífẹ̀ ara rẹ̀ lójú ọ̀run. Kí awò tó gbọ̀n tán, ohun tí à ń wò ti lọ. Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì, bóyá ojú mi ni kò dáa." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ.

Bí wọ́n ṣe dé 525 nìyí o. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára tẹlisíkópù tiwa ni 700, ìyẹn iye mìlímítà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn láti awò iwájú kó tó pàdé sójú kan. Wọ́n fi 4 ti awò kékeré yẹn pín in, ó di 175. Wọ́n sọ ìyẹn di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 525. Ìṣirò náà pé, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ojú, torí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé la fi ń ríran, fífẹ̀ awò iwájú ló sì ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Mìlímítà kan fífẹ̀, ìlọ́po méjì ni kẹ́ ẹ retí. Awò tó fẹ̀ tó mìlímítà 60 kò lè ju ìlọ́po 120 lọ, àti pé ìyẹn gan-an fẹ́ ọ̀run tó mọ́ tónítóní. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀run Èkó wa nígbà ọyẹ́.

Wọ́n kọ 60 sí páálí. Mo fi rúlà iléèwé ọmọ mi wọn awò iwájú: 50 ni. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀, mo rí òrùka ike dúdú kan tí wọ́n dọ́gbọ́n kì sẹ́yìn awò náà, ihò àárín rẹ̀ kò ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Awò náà ò dáa, wọ́n fi òrùka yẹn bo àbùkù rẹ̀, ihò kékeré yẹn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nìyí. Awò dúdú kékeré kan wà nínú páálí, wọ́n ní ẹ dè é mọ́ ibi tẹ́ ẹ ń gbójú sí kẹ́ ẹ fi wo oòrùn. Ẹ má ṣe é! Tẹlisíkópù á kó ooru oòrùn jọ sójú kan lára awò dúdú yẹn, ó sì lè sán lójijì nígbà tí ojú ọmọ wà níbẹ̀. Inú ẹyinjú kì í dunni bó bá ń jóná, ọmọ ò ní mọ̀ títí ojú á fi lọ. Èyí tí wọ́n fi ń wo oòrùn láìléwu, iwájú awò ni wọ́n ń dè é sí, kí ooru má tilẹ̀ wọlé. Òòlù ni mo fi fọ́ tiwa.

Mo gbé tẹlisíkópù náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ọjà táwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á. Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, sílẹ̀ fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, nítorí náà ẹ gba rìsíìtì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi gbólóhùn yẹn lé yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ gbé awò náà síta lọ́sàn-án, ẹ kọjú rẹ̀ sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jìnnà, kó má kọjú sóòrùn. Bí okùn ara òpó ò bá hàn ketekete, ẹ máa lọ.

A ṣì ń lò ó ṣá. Mo yọ òrùka ike yẹn, etí òṣùpá tún wá ń tàn jù, mo dá òrùka náà padà síbẹ̀. Awò tí wọ́n kọ 20 sí nìkan la ń lò, ìlọ́po 35 ni. Awò Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì ayé àtijọ́, ò ju nǹkan bí ìlọ́po 20 lọ nígbà tó rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter ká ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1610. Àwa náà rí wọn, tínńtín mẹ́rin lórí ìlà kan. A rí àgùàlà tí wọ́n ń pè lájá oṣù, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun. Ọmọ mi pariwo tí aládùúgbò fi yọjú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ lọ wo inú páálí yẹn lálẹ́ òní, ẹ wá awò dúdú yẹn jáde, kí oòrùn tó là, káwọn ọmọ tó jí.