Mo fi kẹ̀kẹ́ ológeere tó ṣeé ká yí Ilé-Ifẹ̀ po nígbà ọyẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ ológeere kékeré tó ṣeé ká, àwọn tòkúnbọ̀ tó ń wá láti Jàpáànù, lè gbé àgbàlagbà lójú ọ̀nà ilẹ̀ wa, ó lè gbé e dáadáa. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń gun tèmi kiri Iléṣà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbé e lọ sí Ilé-Ifẹ̀ nínú ọyẹ́, tí mo lọ láàárọ̀ tí mo sì bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ni mo tó mọ ohun tó lè ṣe àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ifẹ̀ ni ìlú tí mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn tiwa, mi ò sì tíì rí i bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ náà.

Táyà rẹ̀ jẹ́ 20 ínǹṣì, gíà rẹ̀ jẹ́ 6, ó ní agbọ̀n níwájú àti ibi ìgbẹ́rù lẹ́yìn. Ibi méjì ló ti ń ká: ọ̀kan láàárín ara rẹ̀, èkejì nídìí ọ̀pá ọwọ́. Ẹ ó tú ìdè méjèèjì, ẹ ó ṣẹ́ ẹ po, ẹ ó ti ìjókòó wálẹ̀, ó parí. Kò fúyẹ́ o, irin gidi ni wọ́n fi ṣe é, ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi gbé e. Àmọ́ ó wọ búùtù ọkọ̀ Ifẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbé ẹrù ẹnikẹ́ni kúrò. Kíká yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, torí nǹkan bí 30 kìlómítà ni Iléṣà sí Ifẹ̀, títì tí àwọn tírélà ń sáré lórí rẹ̀ ni, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀. Ẹ wọ mọ́tò, kẹ́ ẹ gun kẹ̀kẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá dé.

Ìgbà ọyẹ́ dára fún irú ìrìn yìí ju ìgbàkigbà lọ. Ilẹ̀ gbẹ, òjò ò ní lé yín wọ abẹ́ ilé onílé, òógùn kì í sì í yọ títí oòrùn á fi mú. Ṣùgbọ́n eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà kì í ṣe kékeré. Kùrukùru bo ojú ọ̀nà láàárọ̀ débi pé ọlọ́kadà ò ní tètè rí yín. Ibí yìí ni iná iwájú kẹ̀kẹ́ náà ti yọ mí. Kò lo bátìrì. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ tì í mọ́ táyà, yíyí tí táyà ń yí ló ń mú un tàn. Kẹ̀kẹ́ á wúwo díẹ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà náà, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ súwẹ́tà, ẹ fi ìbòmú bo imú, ẹ fi òrí pa ètè. Ní ti ṣéènì, ẹ má da ọ́ìlì sí i yàà. Eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì náà, á di ẹrẹ̀ dúdú tí á máa jẹ eyín gíà. Ẹ kán an díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fi àkísà nù ún.

Mo ní kí dírẹ́bà já mi sílẹ̀ ní Ìta Yemòó, lójú ọ̀nà Iléṣà gan-an. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń gbé èèyàn kọjá níbẹ̀, wọn kì í sì í wo ẹ̀gbẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn ère idẹ ní 1957, títí kan ti Ọọ̀ni àti olorì tí wọ́n lọ́ apá àti ẹsẹ̀ mọ́ ara wọn. Àfọ́kù ìkòkò tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi tẹ́ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa: wọn ò tẹ́ àfọ́kù náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, etí ni wọ́n fi gún un dúró, ọ̀kan ti ọ̀kan pinpin, àwọn ibòmíì sì wà tí wọ́n tò ó bí egungun ẹja. Àwọn àgbà Ifẹ̀ ní Ọọ̀ni Lúwòó, tó jẹ́ obìnrin, ló ní kí wọ́n tẹ́ irú ilẹ̀ yìí káàkiri ìlú. Mo dúró tì í pẹ́, torí mi ò ní ọlọ́kadà tó ń fọn fèrè pé kí n tètè bọ̀.

Láti ibẹ̀ mo gùn dé Ẹnuwá. Ọ̀nà náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, gíà kékeré sì gbé mi láìjẹ́ kí n sọ̀. Ní mùsíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́bàá ààfin, mo ká kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n sì gbà kí n fi í sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ààfin níbẹ̀, ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, ni wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní 1938 tí wọ́n fi ṣalábàápàdé àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé wá mọ Ifẹ̀ mọ́. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn kò jìnnà síbẹ̀. Òkúta tó ga tó nǹkan bíi mítà 5 àbọ̀ ni, pẹ̀lú ìṣó irin tí wọ́n gbá wọ inú rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti bà lé orí ìṣó kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà.

Lẹ́bàá ère Mọrèmi, tí Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí ní 2016, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, ìyá kan tó ń din àkàrà pè mí. “Ọkọ mi, ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé Iléṣà lo ti gùn ún wá ni?” Mo ní rárá o, ìyá, mọ́tò ló gbé àwa méjèèjì. Ó bù fún mi kọjá iye tí mo san. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, àwọn èèyàn máa ń bá a sọ̀rọ̀.

Lágere ni wàhálà ti dé. Táyà ẹ̀yìn rọ̀. Fọganáísà wo ẹnu túùbù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹnu èyí ò bá tiwa mu o.” Òótọ́ ló sọ. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Jàpáànù ní ẹnu túùbù tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́tò kò lè dì mọ́. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ àtijọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló gbà wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ pààrọ̀ túùbù méjèèjì sí èyí tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti mọ́tò kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Ihò ríìmù á gbà á láìjẹ́ pé ẹ lù ú. Táyà ṣe dáadáa lẹ́yìn náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí oòrùn mú, mo wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ̀yin onígíà 6, ibẹ̀ ni ilé yín! Ọ̀nà àbáwọlé gùn, ó tẹ́jú, igi wà. Wọ́n dá iléèwé náà sílẹ̀ ní 1961, ó sì kó dé orí ilẹ̀ yìí ní 1967. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tó ya àwòrán àwọn ilé náà, ṣe ti Humanities kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí òkè máa ṣíji bo ìsàlẹ̀. Mo ti kà nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo gun kẹ̀kẹ́ láti inú oòrùn bọ́ sábẹ́ òjìji rẹ̀ ni ara mi gbà á.

Àléébù rẹ̀ wà o. Táyà kékeré kì í fojú fo kòtò. Èyí tí kẹ̀kẹ́ ńlá á gbà kọjá, tèmi á gbá a, ìdí á sì mọ̀. Bíréèkì ẹ̀yìn ń han gooro, eruku sì mú un burú sí i. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìdè àárín. Lẹ́yìn ọ̀nà burúkú, ó dẹ̀. Mo fi sípánà fún un, ó dákẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ di bíréèkì iwájú mú, kẹ́ ẹ tì í síwá sẹ́yìn. Bí àárín rẹ̀ bá ń dún kẹkẹ, ẹ má rà á, iye yòówù kí wọ́n pè é. Ìdè tó bá ti jẹ kò ṣeé tún ṣe lọ́nà tó fọkàn ẹni balẹ̀.

Mo fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5, ìdè àárín ló gba ọ̀kan tó kù. Ẹ rán àpò kan fún un nílé télọ̀, aṣọ tapólì ti tó. Bó bá wà nínú àpò, àwọn dírẹ́bà Ifẹ̀ sí Iléṣà tí mo bá pàdé kò gba owó ẹrù lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá wà ní gbangba ni wọ́n máa ń gbà á.