Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ta bíréèkì aláwọ̀ góòlù n'Ìkòròdú o, wọ́n ti jẹ owó tèmi

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò eré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Ìyàwó mi ti bú mi, ìyá mi náà ti bú mi lórí fóònù. Mẹkáníìkì mi àtijọ́, bàbá kan n'Ígbógbó, kò tiẹ̀ bú mi ní tiẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù.

Nissan 350Z ti 2004 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 3.5 V6. Àwọn tó mọ mọ́tò yìí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló bá bíréèkì Brembo, ti ilé iṣẹ́ Ítálì tó lórúkọ yẹn, wá láti ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Track ló ní kálípà góòlù yẹn, ìyẹn ohun tó máa ń fún páàdì mọ́ dísìkì tó ń bá táyà yí tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Bíréèkì lásán ló wà lára tèmi. Kò burú fún títì o, láti Agric dé Ketu kò sí wàhálà, gosíló ò tiẹ̀ ní jẹ́ kẹ́ ẹ sáré tó máa bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n tá a bá ti lọ to kóònù sí pápá tá a ti máa ń fi mọ́tò sáré lápá ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tá a wá ń sáré tá a ń tẹ̀ ẹ́, sáré, tẹ̀ ẹ́, ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti gbóná, ó ti ń rùn, ó ti ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ni mo bá ní kí n ṣe é bó ṣe yẹ. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wá nìyẹn?

Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti rí ọ̀gá yìí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò ní owó lọ́yà. Inú kọ̀ntẹ́nà kan létí títì Ṣàgámù ló ti ń tajà. Ọmọ tí mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù lọ, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mu nǹkan tútù." Mo mu mínírà. Mínírà tó wọ́n jù tí mo mu láyé mi nìyẹn, 850,000 náírà.

Ó gbé kálípà kan jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ o, OJÚLÓWÓ ni. Alumíníọ́mù ni, mo gbé e wò, mo ka pístìnnì ẹ̀, méjì lọ́tùn-ún méjì lósì, mẹ́rin pé pérépéré, bí tiwájú Brembo 350Z ṣe máa ń rí. Ibì kan tiẹ̀ ti ha lára ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà "m", bí ìgbà tí èékánná bá fà á, mo béèrè, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, tòkunbọ̀ ni, ibi tí wọ́n ti ń tú u ló ti ha." Mo gbà. Ohun tí mò ń sọ ni pé mi ò fọ́jú, mi ò sì gọ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé e!

Àdéhùn wa ni kálípà mẹ́rin, dísìkì ńlá tiwájú tó jẹ́ mílímítà 324, tẹ̀yìn náà, páàdì tuntun, àti ọ́ìlì bíréèkì táwọn eléré ìje ń lò. Mo fi 600,000 ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, álátì ẹ̀ dún lójú mi, ó ní kí n fi mọ́tò sílẹ̀ dọ̀la. Mo sì fi í sílẹ̀. Mo fi mọ́tò mi sílẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ Marúwá lọ sílé bí ọmọ gidi. Ibí yìí ni gbogbo èèyàn ti ń sọ pé kí ló dé tí mi ò dúró tì í. Ẹ̀yin gan-an ẹ máa ń dúró ti mẹkáníìkì yín látàárọ̀ dalẹ́ ni? Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n dúró. Mo mọ̀. Ó yẹ kí n dúró.

Mo padà lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ti de táyà mọ́ ọn, góòlù ń tàn láàárín rímù bí ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó. Mo san 250,000 tó kù. Mo tún fún àwọn ọmọṣẹ́ ní owó oúnjẹ o! Mo ya fọ́tò mẹ́tàlélógún. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń ṣe fáàrí, tí mo bá páàkì, màá yí sìtíárì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan káyé lè rí kálípà.

Ọjọ́ Sátidé tá a dé pápá, ìyípo kẹrin, mo sáré wọ kọ́nà, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlé lọ bá ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tún un tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, mo fa ti ọwọ́, mọ́tò yí bírí, ó gba kóònù mẹ́ta, ó wọ inú oko ẹ̀gẹ́ onílẹ̀. Kò sẹ́ni tó farapa, mo dúpẹ́, mo kàn san owó ẹ̀gẹ́ ni. Bá a ṣe sọ̀ kalẹ̀, èéfín ń jáde lára táyà iwájú, òórùn ibẹ̀ kì í ṣe ti páàdì, bí ìgbà tí wọ́n ń sun ike ni. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀, ó fi rágì dì í mú, ó fà á, góòlù ṣí kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. "Bọ̀dá, kí lèyí?"

Ike ni. Ike! Èèpo ike tí wọ́n kọ Brembo sí, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ kálípà tèmi àtijọ́, ìpẹtà ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí n wọn dísìkì, mílímítà 296, ìyẹn iye tó bá mọ́tò mi wá láti ilé iṣẹ́, dísìkì mi gan-an ni, wọ́n kàn fi sáńpépà ha á kó lè dán. Kí n san 850,000 kí wọ́n bá mi fi sáńpépà ha dísìkì mi!

Ti ọ́ìlì ló tiẹ̀ lè pa mí. A ṣí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ sí, ó dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Wọn ò pààrọ̀ ẹ̀ rárá. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, ẹ sì mọ bí afẹ́fẹ́ ìlú wa ṣe rí, ọ̀sà yí wa ká. DOT 4 tuntun (irú ọ́ìlì bíréèkì kan nìyẹn) kì í hó tí kò bá gbóná tó 230 lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè máa hó ní 155. DOT 3 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, 205 sí 140. Tó bá ti hó, afẹ́fẹ́ ló kù nínú páìpù, ẹ óò kàn máa tẹ afẹ́fẹ́ ni. Mo mọ gbogbo èyí o! Èmi ni mo máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn èèyàn! Mi ò kàn ṣí i wò ni, nítorí góòlù ti wọ̀ mí lójú.

Mo pe ọmọ yẹn. "Ẹ̀gbọ́n, bóyá ẹ sáré jù." Ó ní mo sáré jù! Mo dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ní kí n mú rìsíìtì wá, mo mú un wá, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "bíréèkì góòlù, sẹ́ẹ̀tì 1". Kò sí Brembo níbẹ̀. Mi ò kà á lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi. Ó ní ṣé kì í ṣe góòlù ni? Látìgbà yẹn ó ti dí nọ́ńbà mi.

Ó dáa, ẹ gbọ́. Ẹ fi máàkà sàmì sẹ́yìn pátì tẹ́ ẹ fẹ́ rà kẹ́ ẹ tó fi mọ́tò sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú táyà kẹ́ ẹ tó san owó tó kù, kẹ́ ẹ wo kálípà láti ẹ̀yìn, ẹ má wo ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi tépù wọn dísìkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ọ́ìlì bíréèkì tuntun lójú yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da DOT 5 pọ̀ mọ́ DOT 4 o. Tẹ́ ẹ bá ń ra táyà náà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára ẹ̀ (kì í ṣe DOT ti ọ́ìlì), 1113 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2013, tí wọ́n bá sì ti ha nọ́ńbà yẹn kúrò, ẹ máa lọ sílé. Ẹ ka rìsíìtì. Ó tán.

Ní tèmi, mi ò gba olùtajà kankan gbọ́ mọ́. Lánàá, ìyá tó ń ta gàárì ládùúgbò wa fẹ́ wọ̀n ọ́n fún mi, mo gba kóńgò lọ́wọ́ wọn, mo wo ìdí ẹ̀ bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ojú tì mí, wọ́n sì bínú, ṣùgbọ́n mo wò ó.

Ọ̀rẹ́ mi tí wọn ò tíì dí nọ́ńbà ẹ̀ fi sítátọ́ọ̀sì ọmọ yẹn ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí. Kálípà góòlù kan ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù. Mo fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Ibi tó ha yẹn ṣì wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ "m".