Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kadà àlòkù n'Ílọrin: bí ẹ bá bá ẹ́ńjìnnì ní gbígbóná, ẹ yí padà

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe yín bí wọ́n ṣe ṣe mí. ₦820,000 ni mo san fún ọ̀kadà kan n'Ílọrin, ọjọ́ mọ́kànlá péré ló bá mi ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá! Ẹ̀yìnkùlé ló wà báyìí, mo fi tapólì bò ó torí mi ò fẹ́ kí ojú mi máa rí i tí mo bá jí láàárọ̀.

Mi ò ní sọ orúkọ tí ẹni tó tà á fún mi pe ara rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tó fi mú mi, màá tú u sílẹ̀ pátá.

Kajú ni mo ń rà. Tó bá ti di oṣù kejì, inú oko ni mo máa ń wà, láti Òkè-Oníigbìn títí dé apá Òwá Kájọlà níbi tí omi Ọ̀wù ti ń já láti orí àpáta. Ẹni tó bá mọ ọ̀hún mọ̀ pé òkè ni, òkúta ni, mọ́tò kì í wọ àwọn oko yẹn. Àpò kajú kan tó kún dáadáa á tó kílò 80, méjì ni mo sì máa ń dì sẹ́yìn. Ọ̀kadà mi àtijọ́ ti gbó, mo tà á, mo fi owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa ní Òró kún un. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o: owó yẹn kì í ṣe owó mi nìkan. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ mi báyìí, lórí irin tí kò lè rìn.

Ọ̀kadà méjì ni mo rí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ bàbá kan ní Òmù-Àrán, Boxer 100. Táǹkì rẹ̀ ti họ, ìjókòó rẹ̀ ti ya, wọ́n fi okùn dúdú gán an. Bàbá fúnra wọn ló mú mi yí i ká, wọ́n ń nàka sí i: "Wo ibí, ọ́ìlì ń jò lára fọ́ọ̀kì ọwọ́ òsì. Ṣéènì yìí, wàá pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé. Mítà yìí ti kú láti èṣí, má wulẹ̀ wo iye tó wà níbẹ̀." Àárọ̀ kùtù ni mo débẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tutù bí omi àmù. Wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó jí, kò rú èéfín kankan. Inú ọ̀rá ni ìwé rẹ̀ wà, ojúlówó ni gbogbo rẹ̀, orúkọ wọn ló wà lára rẹ̀, títí kan rìsíìtì ọjọ́ tí wọ́n rà á ní tuntun. ₦540,000 ni wọ́n pè é.

Ẹni tó sọ àléébù ọjà rẹ̀ fún mi ni mo sá fún. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó wò." Wọ́n ní kò burú, kí Ọlọ́run fi èyí tó dáa hàn mí.

Kì í ṣe ojúkòkòrò ló sún mi o. Boxer 150 ni mò ń wá, torí ẹrù àti òkè. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé 100 á fa ẹrù gun òkè bíi 150, kò sírọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni mẹkáníìkì mi wá ń sọ pé tí n bá ra ti Bàbá, tí n sì yọ eyín ṣéènì iwájú, kí n fi èyí tí eyín rẹ̀ dín kan sí i, ì bá máa fà á lọ lókè yẹn, eré rẹ̀ nìkan ló máa dín kù. Ta ló sọ fún mi nígbà yẹn?

Èkejì ni ti Ìlọrin, Boxer 150. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Pupa ni, ó ń dán bíi dígí. Mo pe ẹni tó ń tà á, ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ti dé Ìdọ̀fìan, ẹ ta mí lólobó, kí n lè dúró dè yín." Mo rò pé ọ̀wọ̀ ló ń bù fún mi. Mo pè é ní Ìdọ̀fìan lóòótọ́! Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún un pé ó tó àkókò kó lọ tan ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ dè mí.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Ó gbóná. Mo bi í, ó ní ọmọ iṣẹ́ òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ra oúnjẹ. Mo gbà. Ọdún méjìlá ni mo ti ń gun ọ̀kadà, mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ, àárọ̀ tó bá tutù ni àṣírí rẹ̀ máa ń tú: á ṣòroó jí, á sì yọ èéfín. Mo mọ̀ ọ́n! Síbẹ̀ ọwọ́ mi wà lórí irin gbígbóná yẹn, mo sì gbà. Ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó jí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ọ̀kadà tuntun. Ó ní kí n gùn ún wò. Mo gùn ún lọ sópin àdúgbò, mo padà. Ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú, láìsí ẹrù, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ni mo fẹ́ mọ̀ nínú ìyẹn?

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò mú mẹkáníìkì mi dání. Owó ọkọ̀ rẹ̀ láti Òró àti owó ọjọ́ rẹ̀ á tó ₦12,000, mo ní kí n fi ìyẹn ra epo. Ẹni tó ń tà á ní òun ní mẹkáníìkì kan nítòsí tí kì í purọ́. Ọkùnrin yẹn wá, ó tẹ̀ ẹ́ níbí, ó gbọ̀n ọ́n lọ́hùn-ún, ó ní, "Àáfà, ẹ ti rí ọjà." Mo tún fún un ní ₦3,000! Wọ́n jọ ń jẹ ẹ́ ni. Mo fi Ọlọ́run búra, wọ́n jọ ń jẹ ẹ́ ni. Láàárọ̀ yẹn mi ò lérò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì sọ pé òun ì bá mọ̀, kó máa dúpẹ́ pé kò tíì kan òun.

Fọ́tókọ́pì ni ìwé tó fún mi. Ó ní ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún òun ní Ọ̀fà, òun á gbà á, òun á fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀. Orúkọ tó wà lára àkáǹtì tí mo sanwó sí kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ó ní ti àbúrò òun ni. Owó wọlé tán ló tó já rìsíìtì fún mi. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Èmi tí mo wà lórí ọ̀kadà, mi ò rí ẹ̀yìn mi. Ọjọ́ kẹrin ni ọmọ tó ń bá mi di ẹrù sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, máṣíìnì yín ń mu sìgá o." Mo jágbe mọ́ ọn. Mo padà bẹ̀ ẹ́ nígbà tó yá. Èéfín aláwọ̀ aró ló ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ọ́ìlì ló ń jó.

Ní ọjọ́ kọkànlá, àpò méjì wà lẹ́yìn mi. Mo ti gun òkè náà kọjá ìdajì nígbà tí mo gbọ́ kò-kò-kò nínú ẹ́ńjìnnì, bí ẹni ń fi òòlù lu páànù. Mo bọ́ sí jíà kìn-ín-ní, kò fà. Ó kú, ó ń yí padà sẹ́yìn, mo di bíréèkì mú, ẹrù fà wá lulẹ̀. Àpò kan bẹ́. Kajú ń yí lọ sísàlẹ̀ láàárín òkúta, ìró rẹ̀ ṣì wà létí mi. Eékún mi bó. Mo ṣa ohun tí mo lè ṣà kí ilẹ̀ tó ṣú, a sì ti irin yẹn fún bíi wákàtí méjì ká tó rí títì.

Ní Òró, mẹkáníìkì mi tú ìdérí ọ́ìlì nísàlẹ̀, ó gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì ọ̀kadà máa ń dà ṣààrà ni. Ti èmi ń fà bí oyin, ó ń yọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúdú, ó nípọn. Ó fi ìka méjì pa á, ó fà á gùn báyìí kó tó já. Ó ní, "Òróró jíà ọkọ̀ ńlá ni wọ́n rọ sí i." Ọ́ìlì 20W-50 ni ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ríńgì tó ń dí àyè inú sílíńdà ti jẹ, sílíńdà fúnra rẹ̀ ti họ, wọ́n wá fi òróró tó nípọn dí àyè náà kí èéfín má jáde, kí ariwo má jáde. Ìgbà tó bá ṣiṣẹ́ líle, tó gbóná kọjá bó ṣe yẹ, òróró náà á ṣàn bí omi, gbogbo àṣírí á tú. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó dúdú, ó tutù fún ọ́ìlì. ₦145,000 ni wọ́n máa fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kí n tó ka ohun mìíràn.

Ohun mìíràn náà ni pé nígbà tó gbé táǹkì kúrò, a rí ibi tí wọ́n jó irin pọ̀ lábẹ́ ọ̀dà pupa tó ń dán yẹn. Mo fi kẹrosíìnì nu nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin lọ́rùn ọ̀kadà. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ò dọ́gba pẹ̀lú ìyókù, ojú fáìlì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀kadà tí wọ́n jí ni mò ń gùn? Èmi tí mi ò jí abẹ́rẹ́ rí! Tí ọlọ́pàá bá dá mi dúró ní Ajáṣẹ́, kí ni màá sọ?

Mo pè é. "Ẹ̀gbọ́n, ojú yín lẹ fi rà á." Mo tún pè, ó ti bílọ́ọ̀kì mi. Mo lọ sí báńkì, wọ́n ní èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fi owó náà ránṣẹ́. Ẹnì kan sọ fún mi pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà kò fọwọ́ sí kí wọ́n kọ̀ láti gba ọjà tó lábùkù padà lọ́wọ́ ẹni. Ó dáa. Ta ni màá fi òfin mú, ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an?

Ohun tí mo lè sọ fún yín rèé. Ẹ má sọ ìgbà tí ẹ máa dé. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì, tó bá gbóná, ẹ máa lọ, ẹ má gbọ́ àwíjàre. Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú dání, kí ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi nọ́ńbà ara irin àti ti ẹ́ńjìnnì wé ojúlówó ìwé, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì KWIRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, kí ẹ tó sanwó. Orúkọ ara ìwé, orúkọ ara àkáǹtì, kó jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ gun òkè pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe ẹjọ́ Boxer o, Boxer ni ti Bàbá náà.

Àwọn tó ń ta ọ̀kadà àlòkù n'Ílọrin, mi ò gba ìkankan gbọ́ mọ́. Ẹni tó bá jẹ́ olóòótọ́ nínú yín, kó má bínú, ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn tó ń ṣe é, àdúgbò kan náà lẹ jọ wà, ẹ jọ ń jẹun, ẹ sì dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe Bàbá ní Òmù-Àrán, mo ní bóyá ó ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ní tíṣà kan ti rà á lọ́sẹ̀ kan náà tí mo wá. Wọ́n wá bi mí pé, "Èyí tí o rà n'Ílọrin ńkọ́, ṣé ó ń bá ọ gun òkè?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."