Ọkọ̀ ìgbafẹ́ lórí odò Rhine nígbà tí omi fà: ohun tí ojú èmi àti màmá mi rí

Bí ẹ bá ń gbèrò láti mú òbí yín lọ gbafẹ́ nínú ọkọ̀ lórí odò Rhine, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa bí yàrá ṣe fẹ̀ tó tàbí irú oúnjẹ tí wọ́n ń gbé kalẹ̀. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé ìpolówó wọn, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni páspọ́ọ̀tù màmá mi tó di àwátì nílùú Speyer, ní Jámánì, lọ́jọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2022, àti ohun tí ọmọbìnrin kan tí kò bá wa tan rárá ṣe nítorí ẹ̀.

Màmá mi pé ọmọ ọdún 75 lọ́dún náà. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí wọn sí, etí ọ̀sà ni wọ́n dàgbà sí, owó ẹja ni wọ́n sì fi rán gbogbo wa nílé ìwé. Kò sígbà tí wọ́n wá sí London tí wọn kì í ní kí n mú àwọn lọ wo odò Thames. Ìdí nìyẹn tí èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì fi dáwó jọ ra ọjọ́ méje nínú ọkọ̀ fún wọn, láti Amsterdam dé Basel, kí wọ́n lè jókòó gbẹdẹmukẹ máa wo àwọn ilé olódi àtijọ́ tó tò sórí òkè létí odò. Orúnkún ń dun Màmá gan-an, wọn ò lè rìn jìnnà. Ẹni tó tajà fún wa tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì pé ẹ̀ẹ̀kan péré la máa tú ẹrù, pé yàrá wa ló máa bá wa rìn. Torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi náà díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ìlú kékeré kan ń jẹ́ Kaub. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń gba odò Rhine kọjá ti máa ń há, torí ìsàlẹ̀ odò ò jìn níbẹ̀. Wọ́n ń wọn omi ibẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ó já dé 25 sẹ̀ǹtímítà. Lọ́dún tiwa, yìnyín ò pọ̀ lórí òkè Alps nígbà òtútù, òjò tún kọ̀ kò rọ̀ nígbà ooru, iye náà sì ti bọ́ sísàlẹ̀ 40 nígbà tí a máa fi wọkọ̀. Iye yẹn kọ́ ni jíjìn odò o. Ẹ fi nǹkan bíi 110 kún un kẹ́ ẹ tó mọ bí omi ṣe jìn tó lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀. Bó bá wà ní 40, mítà kan àbọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ ẹrù lè dín ẹrù kù kó fúyẹ́, kó sì rá kọjá. Ọkọ̀ tiwa gùn tó mítà 110, ibùsùn àti ilé ìdáná ló kún inú ẹ̀, kò sí ohun tó lè sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó dunni jù ni pé àárín Koblenz sí Bingen, níbi tí àwọn ilé olódi yẹn pọ̀ sí, tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2002, àárín ibẹ̀ gan-an ni Kaub wà. Bí omi bá fà, ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ sanwó gan-an ló máa kọ́kọ́ lọ.

Èmi ò bá odò jà. Ẹni tí mò ń bá jà ni ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ náà ní London.

Lọ́jọ́ Friday, ọjọ́ 12, nígbà tí ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 20, ímeèlì kan wọlé. Ó ní "ó ṣeé ṣe kí àtúnṣe díẹ̀" bá ètò ìrìn àjò nítorí omi. Mo pè wọ́n. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi gbọ́ orin létí fóònù kí ọkùnrin kan tó gbé e. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ọkọ̀ yín kọjá ní Kaub lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Ó ní ọ̀gá ọkọ̀ ló máa ń pinnu lójoojúmọ́. Mo tún un bi. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ò sí níwájú òun lórí kọ̀ǹpútà. Mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta, mo ṣàlàyé orúnkún Màmá fún un. Ó ní kí n gbádùn ìrìn àjò mi.

Alẹ́ kejì nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń jẹun, ọmọ Philippines tó ń gbé oúnjẹ fún wa sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́: ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí ọkọ̀ àwọn ò kọjá Cologne. Kò mọ̀ pé ohun tó sọ wúwo. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì! Wọ́n mọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n gbé ìyá mi kúrò nílé. Ká ní wọ́n sọ fún mi ni, mi ò bá ti sún un sí oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, tàbí kí n gba odò Moselle lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, wọ́n ní kí gbogbo wa kó ẹrù wa síta. Bọ́ọ̀sì máa gbé wa láti Cologne lọ sí Speyer, níbi tí ọkọ̀ mìíràn tó jọ tiwa bí ìbejì ti ń dúró dè wá lókè odò. Àwọn tó ti Basel bọ̀ máa wá gba ti Cologne, àwa máa gba tiwọn. Màmá sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá pákó yẹn díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbá irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, òógùn ń bọ́ lójú wọn, wọn ò sì wí nǹkan kan. Wọn kì í wí nǹkan kan nígbà tí nǹkan bá ń dùn wọ́n. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Ojú ọ̀nà etí odò ni bọ́ọ̀sì gbà. Nígbà tí a dé Kaub, awakọ̀ rọra ń wa ọkọ̀. Ilé olódi funfun kékeré kan wà láàárín odò níbẹ̀, Pfalzgrafenstein ni wọ́n ń pè é. Lójú àwòrán inú ìwé ìpolówó, omi ló yí i ká. Lọ́jọ́ yẹn, àpáta àti òkúta wẹ́wẹ́ ló yọ síta káàkiri lẹ́bàá rẹ̀. Màmá fi ìka kan dígí bọ́ọ̀sì.

"Ìyá Ìbejì, wo ara ògiri yẹn. Ibi tó dúdú yẹn lomi máa ń dé."

Mo wò ó. Lóòótọ́, ìlà kan wà lára ògiri etí odò, òkè ẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Omi wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó jìnnà sí ìlà náà. Màmá wá sọ fún mi pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ìdí ọkọ̀ máa ń kan ẹrẹ̀, gbogbo èrò á sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, wọ́n á sì máa tì í.

"Ohun tí wọ́n ṣe fún wa yìí náà nìyẹn," mo ní.

"Rárá o. Ọlọ́kọ̀ tiwa, kó tó gbowó lọ́wọ́ ẹ ló ti máa sọ pé a máa tìkọ̀ o. Tóò bá fẹ́ tì í, wàá dúró nílé."

A dé Speyer ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ kejì dára, yàrá wa wà níbi kan náà gẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ mọ̀ pé inú àwọn ọkọ̀ yìí, wọ́n máa ń gba páspọ́ọ̀tù gbogbo èèyàn sídìí káńtà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àpótí tí wọ́n kó páspọ́ọ̀tù sí, ó ń pe nọ́ńbà yàrá. Ó kà á tán. Ti Màmá ò sí níbẹ̀. Ó tún un kà. Kò sí.

Ará Nàìjíríà tó bá ń ka èyí mọ ohun tó ṣe mí. Físà Schengen wà nínú páspọ́ọ̀tù yẹn, físà ìlú ọba náà wà nínú ẹ̀, Saturday la sì máa wọ bàálù ní Basel. Ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà tó sún mọ́ wa jù, Frankfurt ló wà. Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì tí ilé iṣẹ́ fún wa. Obìnrin tó gbé e ní kí n lọ fi tó ọlọ́pàá létí tí ilẹ̀ bá mọ́, pé páspọ́ọ̀tù ò sí lára ohun tí àwọn ń dáhùn fún. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ wa!" Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ.

Ọmọkùnrin ìdí káńtà kò bá mi jiyàn. Ó fa àga kan fún Màmá, ó gbé omi wá, ó wá pe ọkọ̀ ti Cologne. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pè kí wọ́n tó gbé e. Ó ní kí èmi fúnra mi gbọ́. Ọmọbìnrin tó gba páspọ́ọ̀tù wa ní Amsterdam ni, ọmọ ilẹ̀ Romania, mo mọ ohùn ẹ̀. Ó ní kí n dúró. Mo gbọ́ tí dúrọ́ọ̀ ń ṣí, tó ń pa dé. Ó padà sórí fóònù.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo fi sínú àpòòwé lọ́tọ̀ nítorí físà tí a fẹ́ ya ẹ̀dà ẹ̀. Mo gbàgbé ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ má bínú, mò ń gbé e bọ̀."

Mo rò pé ó ní wọ́n máa fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ni. Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, ó wọlé. Ó ti gba ọkọ̀ ojú irin láti Cologne dé Mannheim, ó wọ òmíràn dé Speyer, ó gba takisí wá sétí odò. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, káàdì orúkọ ṣì wà láyà ẹ̀, ṣùgbọ́n sálúbàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà iṣẹ́ nígbà tí fóònù dún, kò sì padà lọ wọ̀ ọ́. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Màmá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpòòwé náà fún wọn. Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn? Mi ò mọ̀.

Màmá ò wo inú àpòòwé. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà ní Yorùbá: o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ọmọ tìrẹ náà á rìnnà kore, ẹni tó máa ṣe ọ́ lóore kò ní sùn. Ọmọ náà ò gbédè, àmọ́ kò gbórí kúrò. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó mu ife omi méjì lórí ìdúró. Màmá na 50 yúrò sí i, kò gbà á. Orí ibùsùn òṣìṣẹ́ ló sùn mọ́jú, ó sì ti lọ bá ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ kí a tó jí.

Láti ìgbà yẹn, mi ò lè bínú bí mo ṣe ń bínú tẹ́lẹ̀. Strasbourg dùn, Breisach tutù lára, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí a tó dé Basel, omi sì ti ń gòkè padà nígbà tí a wọ bàálù. Màmá ò yé sọ̀rọ̀ ọmọ náà, kódà títí di òní.

Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní ìwé ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, fún ìrìn àjò mìíràn lọ́dọ̀ wọn. Mo dá a padà. Mo tọ́ka sí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó de ìrìn àjò tí wọ́n ta ọkọ̀ àti ibùsùn ẹ̀ pọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, tó ní bí ohun tí wọ́n tà kì í bá ṣe ohun tẹ́ ẹ rí gbà, kí wọ́n dín owó kù. Mo sì kọ ọjọ́ àti wákàtí ímeèlì Friday yẹn sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n dá ìdá kan nínú mẹ́rin owó wa padà. Kò sí gbólóhùn kan nínú lẹ́tà wọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àwa ni". Mo tún kọ orúkọ ọmọ náà sínú lẹ́tà tèmi, mo ní kí wọ́n fún un ní owó takisí àti owó ọkọ̀ ojú irin ẹ̀. Wọn ò fèsì sí ìyẹn, mo ṣì ń bi wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ìparí ooru àti ìgbà tí ewé ń rẹ̀ ni omi sábà máa ń fà jù. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún sàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi lè kún jù nígbà mìíràn, kí ọkọ̀ má lè gba abẹ́ afárá. Lórí odò Danube, apá Straubing sí Vilshofen ní Jámánì ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ìwọ̀n omi Pfelling àti Hofkirchen ló ń sọ ti ibẹ̀. Moselle, Main, àti Douro ní Portugal ní ìdídò tó ń mú omi dúró, wọn kì í fa wàhálà bẹ́ẹ̀. Ẹ máa wo iye Kaub láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ bi ilé iṣẹ́ bóyá wọ́n ní ọkọ̀ méjì tó jọra lórí odò kan náà, torí àwọn tí kò ní in, bọ́ọ̀sì àti òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa fi gbé yín. Ẹ wá inú ìnṣọ́ránsì yín bóyá ó bo àyípadà ètò ìrìn àjò. Ẹ sì ní kí wọ́n dáhùn lórí ìwé: ṣé ọkọ̀ yín kọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá?

Èmi ò ní sanwó fún ilé iṣẹ́ yìí mọ́.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mo kọ 1, Màmá ní kí n pa á rẹ́, pé ọmọ yẹn lè kà á.