Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ẹ̀rọ afọ-afẹ́fẹ́ fún ọ́fíìsì

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ilé iṣẹ́, ilé ìtajà tàbí ilé ẹ̀kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fọwọ́ síwèé fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ tún afẹ́fẹ́ inú ilé yín ṣe. Wọ́n ti lu àwa ní jìbìtì. Èmi gan-an ni mo sọ fún ọ̀gá wa pé ká sanwó, ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mi ò ní fi bò.

Ó ti pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wa ti ń ráhùn. Tó bá ti di ọ̀sán, orí á máa fọ́ wọn, oorun á máa kùn wọ́n nínú yàrá ìpàdé. Ni ọkùnrin kan bá dé tòun ti kóòtù, ó gbé mítà kékeré kan dání, ó ní ó ń ka CO2, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi sánítáísà pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dáadáa. Ó ní nítorí ìmọ́tótó ni. Mítà fò sókè, ó kọjá 2,000. Àyà gbogbo wa já. Ó wá tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń bá wa tàkúrọ̀sọ lọ, nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mítà ti bọ́ sí 600. Ọ̀rọ̀ dídùn ní í yọ obì lápò. Èyí tó yọ lápò tiwa ju obì lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà rèé. Fíltà inú irú ẹ̀rọ yẹn kì í mú CO2. Eruku ló ń sẹ́. CO2 á gba inú rẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba inú asẹ́ kọjá. Inú ọ́fíìsì bíi tiwa, àfi kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé kó tó lè dín kù. Mítà ọkùnrin yẹn kò tilẹ̀ ka CO2 rárá. Òórùn kẹ́míkà ló ń gbọ́, tó sì ń fojú bu CO2 láti ara rẹ̀. Spírítì inú sánítáísà ló gbé e sókè. Nígbà tí spírítì náà gbẹ tán, nọ́ńbà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ tan ẹ̀rọ kankan, yóò ṣì wálẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé mítà wá, ẹ mú un jáde síta gbangba, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Nǹkan bí 420 ppm, ìyẹn 420 nínú mílíọ̀nù kan, ni CO2 inú afẹ́fẹ́ ìta. Tí ohun tó ń kà bá jìnnà sí i gan-an, ẹ dá a padà fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà ẹ fi sánítáísà pawọ́ nítòsí rẹ̀. Èyí tó bá fò fẹ̀rẹ̀ nítorí spírítì, ẹ má gbà á gbọ́. Mítà gidi sábà máa ń lo sensor tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka CO2 fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní NDIR, ẹ ó sì rí i kà nínú ìwé rẹ̀.

Ó tún ní idán kejì: àpótí onígíláàsì kan. Ó fẹ́ èéfín sínú rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì, èéfín pòórá. A pàtẹ́wọ́ o! Àṣé ẹ̀rọ náà ń fi iná mànàmáná díẹ̀ sára èéfín, èéfín sì ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Inú àpótí kékeré, gíláàsì wà nítòsí. Inú gbọ̀ngán, ibo ló fẹ́ tètè lẹ̀ mọ́? Èyí tó bá sì rí ibi lẹ̀ mọ́, ara ògiri àti orí tábìlì yín ni.

Nígbà tí wọ́n so ẹ̀rọ mẹ́fà mọ́ ògiri tán, ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìgbà tí mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ọkùnrin náà ní òórùn afẹ́fẹ́ tó mọ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó mọ́ kì í rùn, ẹ̀yin ará. Ozone ni, gáàsì kan tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè máa tú jáde. Akọ̀wé wa ló kọ́kọ́ fura: ọ̀fun ń yún un, àwọn rọ́bà tó fi ń di ìwé sì ń sán, wọ́n ń já lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì. Ozone máa ń jẹ rọ́bà, ẹ wá ro ti ẹ̀dọ̀fóró wò. Àjọ EPA, tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ pé ìwọ̀n ozone tí kò ní pa èèyàn lára kò tó ohun tó lè fọ afẹ́fẹ́ ilé. Ìpínlẹ̀ California kò sì gbà kí wọ́n ta ẹ̀rọ afọ-afẹ́fẹ́ inú ilé tí ozone rẹ̀ bá ju 0.050 ppm lọ.

Ẹ béèrè CADR pẹ̀lú, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ mímọ́ tó ń tú jáde ṣe pọ̀ tó. “Ó tó gbọ̀ngán ńlá” kì í ṣe ìdáhùn. Yàrá ìpàdé wa gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní 8, ó ga ní 3: kúbíìkì mítà 240. Láti 2023 ni àjọ CDC, tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, ti ń dámọ̀ràn pé kí afẹ́fẹ́ mímọ́ rọ́pò ti inú yàrá ní ìgbà 5 ó kéré tán ní wákàtí kan. Kúbíìkì mítà 1,200 ní wákàtí kan nìyẹn. Nígbà tí mo rí ìwé ẹ̀rọ náà nígbẹ̀yìn, 90 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Méjì tí wọ́n so sí yàrá yẹn, 180. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò pé!

Fíltà rẹ̀ wá ní “HEPA-type” lára, ìyẹn “bíi ti HEPA”, fíltà gidi tó ń sẹ́ eruku wínníwínní. Inú “type” yẹn ni gbájú-ẹ̀ sá pamọ́ sí. HEPA ti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mú 99.97% eruku tó tó 0.3 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà), H13, ìyẹn ìpele HEPA kan ti Yúróòpù, 99.95%. Ẹni tí kò bá ní èsì àyẹ̀wò tó dárúkọ ẹ̀rọ náà gan-an, kó máa gbé paálí rẹ̀ lọ.

A ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tí a pè gun òrùlé lọ, ó bá ihò tí afẹ́fẹ́ ìta ń gbà wọlé ní dídí pa: ẹnì kan ti fi páńkó bò ó láti ọdún wo kí ẹ̀rọ má baà jẹ iná jù. Ó ṣí i. Orí fífọ́ ọ̀sán náà dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn.

Nọ́ńbà fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́, mo sì gbọ́ pé ó ti ń lo orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹ ó fi èyí dá a mọ̀: 70% owó ló ń gbà kó tó gbé ọjà wá, ó ń fi àdéhùn fíltà ọdún mẹ́ta há yín lọ́rùn, kò sì ní gbà láé kí ẹ̀rọ kan sùn lọ́dọ̀ yín fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ fi mítà tiyín wò ó.