Hummer bus nínú ìjì: báwo ni HiAce olórùlé gíga ṣe ń dúró bí afẹ́fẹ́ bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Toyota HiAce olórùlé gíga, èyí tí àwọn ará gáréèjì ń pè ní Hummer bus, kò nílò ẹni tí yóò tún máa polówó rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣàìsàn bọ̀rọ̀, páàtì rẹ̀ kún ọjà Ládípọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ tà á kì í pẹ́ rí oníbàárà. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni ìwà rẹ̀ lábẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni awuyewuye wà láàárín àwọn awakọ̀. Àwọn kan ní ọkọ̀ náà "ń fò". Àwọn yòókù ní ọwọ́ ẹni tó ń wà á ni kò tíì gbó. Lójú tèmi, tọ̀tún tòsì wọn ló fo ibi tó ṣe kókó. Ìrísí ọkọ̀ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní fífò wà nínú táyà, nínú bọ́ṣìn (rọ́bà tó so irin abẹ́ ọkọ̀ mọ́ ara ọkọ̀), àti nínú bí wọ́n ṣe di ẹrù sí i. Afẹ́fẹ́ kàn fẹ́ ni, a wá rí fùrọ̀ adìẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìrísí rẹ̀. Èyí tó gùn jù nínú wọn, tó fẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ sì ga, gùn ní mítà 5.38, ó fẹ̀ ní mítà 1.88, ó sì ga ní nǹkan bíi mítà 2.28. Àárín táyà iwájú sí tẹ̀yìn jẹ́ mítà 3.11. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Toyota Sienna ọdún 2004 sí 2010 tí òun náà ń ná Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Sienna fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, àárín táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 1.75 lọ. Ìdajì mítà tí HiAce fi ga jù ú lọ yẹn ni ògiri tí afẹ́fẹ́ ń rí tì, òkè ló sì wà, níbi tó ti rọrùn jù láti mi ọkọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tó nǹkan bíi sukúéà mítà 10. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 54 ní wákàtí kan yóò fi agbára tó ìwúwo kílò 140 tì í, bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọkọ̀ náà bá tún wá ń sáré, eré tirẹ̀ á kún ti afẹ́fẹ́, títì náà á sì tún le sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lọ ní 60 fi lè wà nínú ìjì kan náà tí kò ní mọ ohun tí ẹni tó ń lọ ní 110 ń pariwo lé lórí.

Kì í sì í ṣe pé afẹ́fẹ́ kàn ń ti ọkọ̀ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tí agbára rẹ̀ ti ń bà máa ń sún mọ́ iwájú ju ibi tí ìwúwo ọkọ̀ gbé wà lọ, nítorí náà imú ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yà. Yíyà yẹn ló léwu. Ní kìlómítà 100, bí imú bá yà ní dígírì 1 péré, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọkọ̀ á ti sún tó sẹ̀ǹtímítà 48 sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 60, sẹ̀ǹtímítà 29 ni. Bí ojú ọ̀nà tí ẹ wà bá fẹ̀ ní mítà 3.5, ohun tó ṣẹ́kù fún HiAce ní ọ̀tún àti òsì kò ju sẹ̀ǹtímítà 81 lọ níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì wo fóònù ní 100 nínú ìjì ti bọ́ sójú ọ̀nà ẹlòmíì.

Níbi yìí, ó yẹ ká yin HiAce. Abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, nítorí náà ìwúwo rẹ̀ wà níwájú nígbà tí kò bá kó nǹkan púpọ̀. Danfo Volkswagen àtijọ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí pátápátá, tí awakọ̀ sì jókòó lé táyà iwájú lórí, kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ìyẹn gun afárá lófìfo nígbà tí òjò ṣú kò ní pe HiAce ní ọkọ̀ tó ń fò.

Ibo ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń mú jù? Ìjì tó máa ń ṣíwájú òjò, pàápàá láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ìlà oòrùn ló sábà máa ń gbà wá, tí á sì máa lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990, tó gùn ní kìlómítà 11.8, nà láti ìhà àríwá sí gúúsù, orí ọ̀sà gbalasa. Ìhà ọkọ̀ gan-an ni ìjì náà ń bá, kò sì sí ilé tàbí igi tí yóò gbà á sílẹ̀. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn náà kọjú sí àríwá, ewu tibẹ̀ sì ni ibi tí igbó tàbí ilé ti tán lójijì tí gbangba sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹpẹ́ yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ọ̀sán ló ń ti gúúsù wá síbẹ̀. Kò le tó ìjì, àmọ́ ó máa ń fẹ́ láìsinmi.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ló gba àlàyé jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba ọkọ̀ tó dáa jẹ́. Àlàfo tó wà lẹ́yìn ìjókòó ìkẹyìn HiAce wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Àpò gàrí mẹ́ta tí ẹ kó síbẹ̀ kàn ń tẹ ìdí mọ́lẹ̀ ni, tó sì ń gbé imú sókè. Ibi tí ìwúwo wà á sún sẹ́yìn, táyà iwájú á fúyẹ́, sítíárìn á rọ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ń yọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún wá di ẹrù sórí òrùlé. Ìyẹn fi gíga kún ògiri tí afẹ́fẹ́ ń tì, ó sì gbé ìwúwo ọkọ̀ sókè, tí yóò fi máa fì bí igi ọ̀pẹ. Èyí tó burú jù ni bọ́ọ̀sì tí èrò inú rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, tí gbogbo èrò náà jókòó sẹ́yìn, tí ẹrù sì wà lórí òrùlé.

Ẹrù tó wúwo, ẹ gbé e sílẹ̀ láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, lábẹ́ ìjókòó tàbí lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, kí ẹ sì dè é kó má bàa yí. Ohun tó fúyẹ́ bíi fóòmù àti àpò aṣọ ni kó lọ sẹ́yìn pátápátá. Òrùlé, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo ní àkókò ìjì. Bí èrò kò bá pé, iwájú ni kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó. Kọ̀ndọ́ọ̀tọ̀ lè ráhùn. Ẹ jẹ́ kó ráhùn.

Táyà ló kàn. 195R15C ló sábà máa ń wọ HiAce yìí. Lẹ́tà C tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́: táyà akẹ́rù ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le. Táyà mọ́tò kékeré tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nítorí owó á máa tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti tì í. Ẹ yí sítíárìn, ọkọ̀ á kọ́kọ́ ronú ná kó tó dáhùn, àwọn kan á sì rò pé ráàkì, irin tí sítíárìn fi ń yí táyà, ló ti bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ inú táyà tó bá kéré ń ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́. Ẹ má gba "fi 40 sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin" lọ́wọ́ fọ́kanáísà. Bébà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ló mọ iye rẹ̀, àárọ̀ tí táyà ṣì tutù la sì ń wọ̀n ọ́n. Ẹ ra gééjì tiyín, torí gééjì ojú títì tó ti já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kì í sọ òótọ́ mọ́. Tí ó bá jẹ́ tokunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára ohun tí wọ́n kọ tẹ̀lé lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹ má fi táyà oríṣi méjì sí iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, èkejì lósì.

Bí táyà bá dáa tí ọkọ̀ ṣì ń rìn bí ọ̀mùtí, ẹ lọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí táyà kọjú síwájú, kí ẹ fi ìka méjì mi sítíárìn. Bí etí rẹ̀ bá rìn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ kí táyà tó mì, nǹkan ti jẹ. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú, kí ẹ gbé irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ mì í: bó bá ń ṣe kọ́-kọ́-kọ́, táì ródù (ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ táyà) tàbí ráàkì ni. Bó bá jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ tí ẹ dì mú ló ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé tí ẹsẹ̀ táyà fi ń yí) tàbí báírìn ni. Táì ródù tuntun láìṣe alaímẹ̀ǹtì, ìyẹn títo táyà kó kọjú síbi tó yẹ, owó danù ni, torí táyà tí iwájú rẹ̀ bá ṣí síta díẹ̀ á máa wá ọ̀nà kiri fúnra rẹ̀, kí ìjì tó dé rárá.

Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì kì í wò. Sípíríìnnì eléwé ló wà níbẹ̀, bọ́ṣìn rọ́bà ló sì so ó mọ́ ara ọkọ̀. Bí rọ́bà yẹn bá ti jẹ, gbogbo irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ á máa sún díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Awakọ̀ á máa darí iwájú, ìdí á máa darí ara rẹ̀. Ohun kan tún wà tó jẹ́ àfọwọ́fà: fífi ewé kún sípíríìnnì ẹ̀yìn kó lè gba ẹrù sí i. Ìdí á ga, imú á tẹ̀ sílẹ̀, ìdagẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ táyà iwájú tó ń jẹ́ kí sítíárìn padà sáàárín fúnra rẹ̀ á sì dínkù. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní lọ tààrà mọ́, kódà láàárọ̀ tí ewé igi kò mì. Ṣọ́ọ̀kì tó ń jo epo náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní méjì-méjì.

Ní ti wíwà á, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú lápá ìlà oòrùn, tí ọ̀sà ń hó, tí ọ̀rá ń fò kọjá títì, ẹ sọ eré kalẹ̀ sí 60 kí ẹ tó wọ gbangba. Ọwọ́ méjèèjì sórí sítíárìn, bí ọwọ́ agogo ṣe ń wà ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 15. Bí afẹ́fẹ́ bá gbá a, ẹ dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fa sítíárìn tagbára-tagbára, torí ìjì kì í dúró lójú kan, bó bá sì dáwọ́ dúró lójijì, ohun tí ẹ fà yẹn ló máa gbé yín lọ. Ẹ má tẹ bíréèkì pa, ẹ kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù.

Tírélà ló ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tó ń lọ Ìbàdàn, apá ọ̀tún rẹ̀ ni ìjì ìlà oòrùn ti ń fẹ́, apá ọ̀tún náà ni tírélà tó fẹ́ yà sílẹ̀ wà. Bó bá ti wọ ìbòòji tírélà náà, ọwọ́ tó ti ń fa ọkọ̀ sọ́tùn-ún láti dènà afẹ́fẹ́ á fà á sún mọ́ tírélà. Bó bá ti yọ orí jáde níwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á tún gbá a sósì, síhà kọ́ńkéré àárín títì. Ẹ retí méjèèjì, tàbí kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni mo fara mọ́ jù.

Bí owó bá wà, Mercedes Sprinter láti ọdún 2013 ní ohun èlò kan tó ń fi bíréèkì díẹ̀ mú táyà ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, tí eré bá ti dé 80, kí imú má bàa yà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn èèyàn wa tó ń wa fáàn kọjá afárá Dartford ní ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti máa ń ti afárá náà pa bí ìjì bá le, mọ ìwúlò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó nílò sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, sẹ́ńsọ̀ tó ti kú tí iná rẹ̀ ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kò gba ẹnikẹ́ni.

Máàkì tí mo fún HiAce olórùlé gíga nínú ìjì: 6 nínú 10 bí táyà, bọ́ṣìn àti ẹrù bá wà bó ṣe yẹ, 3 bí wọn kò bá sí bẹ́ẹ̀. Èyí tí òrùlé rẹ̀ kò ga gba 7, Sienna gba 8. Ẹni tó fẹ́ ra tokunbọ̀ kò nílò láti dúró de ìjì kó tó dán an wò. Kó wà á dé ọ̀nà márosẹ̀ ní 80, kó jẹ́ kí tírélà kan tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí imú bá mì lẹ́ẹ̀kan tó sì padà, kó sanwó. Bí ìdí bá tún jó lẹ́yìn ìyẹn, kó sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó yọ owó bọ́ṣìn àti táyà mẹ́rin kúrò.