Kíláàsì Faransé tí mò ń lọ ní Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa kíláàsì Faransé yẹn, ₦15,000 ni lóṣù, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọmọ Kétu ní Benin ni tìṣà, Yorùbá ló fi ń kọ́ wa, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n dúró.

Nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, je parle, tu parles, ils parlent (mo ń sọ̀rọ̀, o ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀), a kàn há a sórí ni, gbogbo lẹ́tà tá a bá ti rí la máa ń pè, "páléntì" ni mo ń pe parlent láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Tìṣà yìí ní ká gbé bírò sílẹ̀ ká máa pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan fún sílébù kọ̀ọ̀kan tá a bá pè. Parlons, ẹ̀ẹ̀mejì: par, lons (ìyẹn ò le, "ọn" inú ìbọn náà ni). Mo pa á lẹ́ẹ̀mejì fún parlent náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, -ent yẹn, ojú ló ń rí i, etí kì í gbọ́ ọ, bákan náà sì ni parle, parles àti parlent ṣe ń dún. Àwa tá a sọ bread di búrẹ́dì, a ò lè ṣe ká má ti "ì" bọ ìdí ẹ̀!

Èyí tó dùn jù ni ils ont (wọ́n ní) àti ils sont (wọ́n jẹ́). S ìdí ils á fò lọ bá ont, á di z, il-zont, àwa ò sì ní z jàre. Màmá kan fẹ́ sọ pé àwọn ọmọ òun ní ajá méjì, ils ont deux chiens, ó pe s dípò z, ó di ils sont, làwọn ọmọ bá di ajá méjì. A rẹ́rìn-ín títí. Ká má tíì sọ chante (kọrin), tí ch rẹ̀ ń dún bíi ṣ, ẹnu Ìbàdàn ti sọ ọ́ di "sante".

Àléébù wà o. Aago mẹ́rin tí wọ́n dá, márùn-ún ló máa ń lù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, s àti z wo lèèyàn fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Pépà tí wọ́n pín fún wa tún gé parlent sí par-lent, wọn ò sọ fún wa pé ìgbà tí ìlà ò bá gba ọ̀rọ̀ tán nínú ìwé nìyẹn wà fún, kì í ṣe ti ẹnu, ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó yé mi.

Tẹ́ ẹ bá máa wá sha, ẹ jókòó síwájú lápá ilẹ̀kùn, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀.